Yorùbá kọ́ ló ń fa ọmọ sẹ́yìn nínú sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín in kiri pé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yàgbà àti Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, kò lè mọ sáyẹ́ǹsì àfi kó há a sórí ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún 6, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3 lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ agbègbè wa yìí ní sáyẹ́ǹsì. Mo bi kíláàsì mi léèrè ibi tí omi tó ń wà lára ike tútù ti ń wá. Gbogbo wọn ní inú ike ló ti jò. Òkun, ẹ̀ka-èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé, ni wọ́n fi jiyàn, mi ò dá wọn lẹ́kun. Mo bu sóbò pupa sínú ike, a tì í bọ inú yìnyín kó lè tutù, a sì yọ ọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ lààgùn, ọmọ kan fi ìka nù ún, ó pariwo: "Tíṣà, kò pupa! Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá!"

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, "condensation", tó máa wà nínú ìdánwò sára bọ́ọ̀dù.