Ẹ Má Ṣe Sún Ọjọ́ Náà Síwájú Mọ́

Gómìnà Gavin Newsom ti ìpínlẹ̀ California ṣe é re bó ṣe kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin SB 1432 lọ́dún 2024, èyí tí ì bá jẹ́ kí àwọn ilé ìwòsàn sún ọjọ́ tí òfin dá fún wọn, ọdún 2030, láti múra sílẹ̀ de ìmìtìtì ilẹ̀. A kí i. Àmọ́ ọwọ́ kan náà ló fi buwọ́ lu àbádòfin mìíràn, AB 869, tó fàyè gba àwọn ilé ìwòsàn kan, pàápàá ti ìgbèríko, láti tọrọ ọdún mẹ́ta sí i.

A ti ń wí i lójú ewé yìí, a ó sì tún un wí: kí ilé má wó nìkan kò tó. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1971 ba ilé ìwòsàn Olive View ní Sylmar, ní Los Angeles, jẹ́ nígbà tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣí i. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n fi irin gbá a pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Northridge, nítòsí ibẹ̀, ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1994, egungun ilé náà kò ṣẹ́. Páìpù omi tí wọ́n fi ń paná ló já lókè àjà, omi ya wọ wọ́ọ̀dù, ni wọ́n bá ń kó aláìsàn jáde. Ilé dúró digbí, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí ìlú nílò rẹ̀ jù.

Kò sí awo níbẹ̀. Páìpù le gbagidi, àjà so rọ̀ lórí wáyà. Bí ilẹ̀ bá mì, kálukú ń fì lọ síbi tirẹ̀, ẹnu páìpù á gbá àjà, á kán. Ohun tí a nílò kò ju irin tí yóò de páìpù mọ́ òkè, páìpù tó ṣeé tẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣéènì lára àgbá ọ́síjìn, àti bóòtù lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ lọ. Nínú owó tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ìwòsàn, ohun tó gbé ilé ró kì í ju nǹkan bíi 8 nínú 100 lọ. Àjà, páìpù, wáyà, ẹ̀rọ àti irú wọn ló kó ìyókù, àwọn náà sì ni wọ́n ń tì sẹ́yìn.

Òfin California ní kó tó ọdún 2030, kí ilé ìwòsàn ní omi àti epo tí yóò tó o fún wákàtí 72. Láti 1994 lòfin náà ti wà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti di nọ́ọ̀sì lábẹ́ àjà yẹn kan náà, àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ṣì ń sọ pé àkókò kò tó. Àkókò wo?

Kí HCAI, ilé iṣẹ́ ìjọba California tó ń bójú tó ààbò ilé ìwòsàn, má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ọdún mẹ́ta yìí, àyàfi tí òṣìṣẹ́ wọn bá kọ́kọ́ gun àkàbà wo òkè àjà ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Ẹni tí kò rówó ògiri lè rówó ṣéènì. Kí wọ́n sì lẹ èsì àyẹ̀wò náà mọ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí aláìsàn ti lè kà á kó tó wọlé.