Imú Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ìsọ̀yè Ọmọ Ìwé

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìkìlọ̀ la sábà máa ń fi òwe yìí ṣe fún ẹni tó fàyè gba ìwà burúkú: lónìí imú, lọ́la orí, kó tó dọ̀tunla iṣu ti tán lébè. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń wọ orí ọmọ gan-an nìyẹn, ìdí nìyí tí mo fi gbé òwe náà tọ ẹ̀yin òbí wá.

Bí WAEC bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan ní Àkúrẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sùn mọ́. Ìyá kan á po kọfí, òmíràn á máa wá ìsọ̀yè kiri. Èmi ò bá ẹni tó gba ewé gbọ́ jà. Oorun tí a gbà lójú ọmọ ló ń dùn mí. Bí ọmọ bá sùn, ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń to ohun tó kọ́ lọ́sàn-án pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko kókó ẹ mọ̀ ọ́n: kókó tí a fọ́ tí a ò sá, ṣebí ńṣe ló máa bu.

Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ìrántí ní 1885. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò: ó ń há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì ń ṣírò iye ìgbà tó kà wọ́n. Ó rí i pé kíkà ìgbà 38 tó pín sí ọjọ́ mẹ́ta ṣe é láǹfààní tó ìgbà 68 tó kà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ̀n ìgbà ló fi dín!

Ìrántí dà bí ọ̀nà oko. Ẹsẹ̀ ló ń là á. Bí ẹsẹ̀ bá dá, igbó á bò ó. Ọmọ tó pa ìwé dé, tó ń fi iyè wá ohun tó kà, ó ń la ọ̀nà náà ni.

Ẹni tó bá sì ń sọ pé orí òun ti gbó, kó gbọ́ ti àwọn awakọ̀ takisí Lọ́ńdọ̀nù, tó gbọ́dọ̀ mọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpópónà sórí. Ní 2000, Eleanor Maguire, onímọ̀ nípa ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé apá ẹ̀yìn hippocampus, ibi tó ń bójú tó ìrántí àti ọ̀nà nínú ọpọlọ, tóbi lára wọn ju ti ẹlòmíì lọ, pàápàá àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni ọmọ àbúrò mi ti ń kàwé ní Òkè-Àró, jẹnẹrétọ̀ ń dún, oníbàárà ń pè é. Bílẹ̀ bá mọ́, kò ní rántí nǹkan kan, ìyá rẹ̀ á sì pè é ní olódo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, "Àbúrò, má fi orúkọ yẹn pè é mọ́. Ibi tó jókòó sí ni kó o yí padà." Ó gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Lálaalẹ́, á kàwé díẹ̀, á pa ìwé dé, á ròyìn ohun tó kà fún ìyá àgbà, á sì lọ sùn.

Kò tíì gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yà lọ́dọ̀ wọn, ó ń fi kóńgò wọn ìrẹsì fún oníbàárà, ó sì ń ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ bí omi ṣe ń ti gbòǹgbò dé ewé. Ìyá rẹ̀ ní kó tún un sọ.