Ìgò Sípírítì Ló Ń Ṣọ́lé

Mo kàn fẹ́ gẹrun ni. Ọ̀sán Sátidé ni, mo wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Arákálẹ̀, níbí l'Ákùúrẹ́. Mo bá ọkùnrin mẹ́fà tí òógùn bò, wọ́n ń pe orúkọ òyìnbó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń pín ogún bàbá wọn.

Àṣà tó wà lóde báyìí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó borí lánàá mọ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé nínú gbogbo ẹni tó ti wọ aṣọ Arsenal, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú London, rí, láti ọdún 1886 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn mọ́kànlá wo lo máa mú? Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bi láàárọ̀ pé ṣé ẹ̀bà ni àbí àmàlà, tó dáhùn pé èyí tó bá yá, òun náà ló wá fi wákàtí méjì wá ẹni tó máa dí ẹ̀yìn lápá òsì.

Orí tábìlì tó wà níwájú díńgí ni ọ̀gá onígbàjámọ̀ to ikọ̀ tirẹ̀ sí. Ìgò sípírítì ni David Seaman, ó dúró lẹ́nu góòlù. (Ọ̀gá ò tíì dárí irun gígùn tí Seaman máa ń dì sẹ́yìn jì í, ó ní ó ba iṣẹ́ àwọn jẹ́.) Agolo pọ́ńdà ni Tony Adams. Ìyarun, búrọ́ọ̀ṣì àti bíléèdì kún àárín. Klípà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Thierry Henry, nítorí òun nìkan ló yára nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bó ṣe gbé Henry síwájú lórí tábìlì báyìí ni orí mi dúró ní ìlàjì: ọ̀tún ti mọ́, igbó ṣì wà lósì.

Tíṣà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní àwọn ò gba Pires, Cliff Bastin ló ni apá òsì. Wọ́n ní ayò 178 ló gbá fún Arsenal, kò sì sẹ́ni tó kọjá rẹ̀ àfi ìgbà tí Ian Wright dé ibẹ̀ lọ́dún 1997. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Henry náà wá kọjá Wright, ó gbá 228 kó tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ogun Hitler ló gba ọdún tó dáa lọ́wọ́ Bastin, ogun ọ̀hún sì parí lọ́dún 1945. Ọdún 1955 ni wọ́n bí Tíṣà. Bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ júwe bí Bastin ṣe máa ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá adílémú, ẹ ó rò pé àwọn ni wọ́n máa ń gbé omi fún un ní ìsinmi ìlàjì eré.

Ti Bergkamp, atamátàsé ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kàn. Ọ̀gá ní òun ò lè mú ẹni tó ń bẹ̀rù bàálù. Bí wọ́n bá ní kí ikọ̀ náà wá gbá bọ́ọ̀lù l'Ákùúrẹ́ ńkọ́? Ẹnì kan ní kó bá ọ̀nà Òrè wá. Gbogbo wa dákẹ́, a ronú sí ọ̀nà Òrè, a sì fẹnu kò pé bàálù ló sàn.

Kanu ni Ọ̀gá fi sípò rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá gbà kó lọ wá ibòmíràn gẹrun. Ta ni yóò jiyàn? Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1999, Chelsea ti gbá ayò méjì sílé Arsenal, eré ti ń lọ sópin, Kanu dá nìkan gbá mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́hùn-ún ni ó sì ti gbá ìkẹta wọlé nígbà tí kípà ti sáré jáde bá a. Pẹ̀lú orí onílàjì tí mo gbé sọ́rùn, ibẹ̀ ni mo máa jókòó sí.

Ibí yìí ni ẹ ti máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ashley Cole ni ẹni tó dára jù lápá òsì ẹ̀yìn, wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ sí Chelsea lọ́dún 2006, nítorí náà ọ̀dàlẹ̀ ni, Winterburn ni kó wọlé. Sol Campbell ńkọ́, tó fi Tottenham sílẹ̀ lọ́dún 2001 tó wá bá Arsenal, tí Tottenham ò sì rí kọ́bọ̀ gbà? Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni! Ìyàwó tó kó jáde nílé wa, alágbèrè. Èyí tó kó wọlé wá bá wa, Ọlọ́run ló là á lójú.

Mo wá ka mọ́kànlá Ọ̀gá. Mẹ́jọ nínú wọn ló jẹ́ ti ikọ̀ 2003 sí 2004, àwọn tó gbá ìdíje 38, tí wọ́n borí nínú 26, tí wọ́n ta ọ̀mì nínú 12, tí ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n. Mo bi í pé kí lòun ń ṣe lọ́dún yẹn. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ọdún tóun gba fírídọ̀ọ̀mù ni, òun ò tíì gbéyàwó, òun ò san owó ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá òun ló ń san án. Áà. Ọ̀gá kò yan Arsenal. Ọdún tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ló yàn.

Mo ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ tí wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn, àfi bí ọmọ yunifásítì FUTA kan ṣe gbójú sókè lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè fi Bùkáyọ̀ Saka sílẹ̀ o. Ọmọ Yorùbá ni. Ẹ yọ Ljungberg.”

“Òótọ́ lo sọ,” ni Ọ̀gá wí. “Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.” Ó sì na ọwọ́ sí ìyarun pupa tó wà lápá ọ̀tún.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ljungberg kẹ̀? Lọ́dún 2002 tó kun irun rẹ̀ ní pupa, èmi náà lọ ra òògùn irun ní Ọjà Ọba. Ìyá mi yí mi po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àkùkọ wo ni mo fẹ́ dà nínú ilé yìí. Ẹgba tí mo jẹ nítorí ọkùnrin yẹn, kí ẹnì kan wá gbé e sórí bẹ́ǹṣì?

Inú ló bí mi tí mo fi bèèrè, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo ní, “Ó dáa, ẹ̀yin onílẹ̀kẹ̀. Ẹ ṣa mọ́kànlá Sunshine Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àkúrẹ́ wa níbí, fún mi.”

Fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kadà kan péré ló máa gbé èèyàn láti ibẹ̀ dé pápá Sunshine. Ẹgbẹ́ yìí ló dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2012. Wọ́n ta ọ̀mì mẹ́ta sí mẹ́ta pẹ̀lú Al Ahly ti ilẹ̀ Íjíbítì ní Ìjẹ̀bú-Òde, Al Ahly fi ẹyọ kan ṣoṣo lé wọn kúrò lọ́hùn-ún, wọ́n sì lọ gbé ife náà.

Ọ̀gá fi klípà họ orí. “Oboabona!” Ó gbà á: Godfrey Oboabona, ọmọ Sunshine ni nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà lọ́dún 2013. Ó ku mẹ́wàá.

Tíṣà tó ka ayò Bastin láìwo ìwé ní kípà kan wà, ó ga, ó dúdú.

“Tíṣà, gbogbo wa náà la dúdú.”

Ọmọ FUTA bèèrè pé ṣé wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ni.

Ọ̀gá fà mí jókòó, ó gẹ apá òsì tó kù kíákíá bí ẹni tó fẹ́ kí n tètè máa lọ. Ó gbé Seaman kúrò lẹ́nu góòlù, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì dà á sí mi lọ́rùn. Ó ta mí dé ọpọlọ.

Tíṣà bojú wo tábìlì. “Ẹ ò rí i? Wọ́n ti gbá a sílé wa.”