Ta Ni Yóò Ra Bẹ́líìtì?

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́ àti ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ti abà dé, ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi.

Àbúrò ìyá mi ń gbé ní abà kan lẹ́yìn Ìwó. Opó ni. Gàrí ló ń ṣe, gàrí náà ló sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iléeṣẹ́ ńlá kan gba ọwọ́ ẹgbẹ́ aláàánú kan gbé ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ wá fún àwọn obìnrin ibẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí i lára gàdàgbà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín ìrẹsì, wọ́n lọ. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo dúpẹ́ rẹ̀, mo sì tún ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù mẹ́jọ tí bẹ́líìtì fi já.

Bẹ́líìtì o! Ẹgbẹ́ aláàánú ní owó ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n fún àwọn, kò sí ti àtúnṣe níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ní àwọn ti ṣe tàwọn. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́dún yìí, adìẹ ti ń yé sábẹ́ ẹ̀rọ.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ gàrí lè máa rò pé kí ló le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ní, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Kò ṣeé kó sí àká bí iṣu. Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, obìnrin á rù ú lọ sí abà mìíràn, á san owó rírin níbẹ̀, tàbí kó tà á fún alájàpá tó ti mọ̀ pé kò ríbi gbé e sá sí. Iye tí alájàpá bá pè náà ni yóò gbà. Àǹtí mi na ọwọ́ sí mi kí n wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yi bí awọ, ojú rẹ̀ sì pọ́n kankan nítorí èéfín abẹ́ agbada. Ó ní, "Ọmọ mi, nígbà tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́, mo máa ń rí oorun sùn."

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe búrẹ́dì n'Íbàdàn. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mọ́kànlá lọ. Oṣooṣù ló ń fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn opó ìgbèríko lọ́wọ́, tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, kò sì so owó náà mọ́ nǹkan kan. Wọ́n lè fi ra bẹ́líìtì tàbí epo ẹ̀rọ. Lóṣù kan, owó ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣe fún obìnrin kan tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè máa lọ sí kóòtù. Ta ló máa ya fọ́tò owó ọkọ̀? Síbẹ̀, òun ló gba oko yẹn padà.

Mo mọ̀ pé ẹni tó fi owó sílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ bí wọ́n ṣe ná an. Ẹ béèrè ìṣirò, ẹ rán èèyàn lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jókòó ti àwọn obìnrin náà. Wọ́n mọ owó í ṣọ́. COWAN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìgbèríko tí Olóyè Bísí Ògúnlẹ́yẹ dá sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1982, orí èésú àti àjọ tí àwọn ìyá wa ti ń dá tipẹ́ ni wọ́n gbé ètò owó yíyá wọn lé. Bí iléeṣẹ́ yín bá sì ń bọ́ òṣìṣẹ́, ẹ ra gàrí lọ́wọ́ wọn ní iye tó tọ́.

Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dá owó bẹ́líìtì náà. Mo ti kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tó gbé ẹ̀rọ wá, mo ní orúkọ wọn ṣì wà lára rẹ̀ ketekete, kí wọ́n jẹ́ ká jọ máa tọ́jú rẹ̀.