Wọ́n Ní Ibi Tí Èrè Ò Bá Sí, Kò Sí Ìwọ̀n

Ẹ bi èèyàn bóyá ilé ìwé ìjọba kan ń fi nǹkan ṣòfò ju èkejì lọ. Èsì tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣé wọ́n ń tajà ni?" Ẹni tó ń tajà, èrè á tú àṣírí ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba, ta ló fẹ́ wọ̀n ọ́n? Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ wá lára débi pé àwọn ọ̀gá ibẹ̀ gan-an ń fi í bojú.

Ó ti lé ní ọdún 40 tí wọ́n ti já irọ́ yẹn. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ètò kan nígbà yẹn tó ń jẹ́ Program Follow Through, fún àwọn ọmọ ilé ìwé tí òbí wọn ò rí já jẹ. Edwardo Rhodes, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Carnegie Mellon, fẹ́ mọ ilé ìwé tó ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa jù. Lára ohun tó ń wọlé ni àkókò tí ìyá fi ń bá ọmọ kàwé. Lára ohun tó ń jáde ni bí ọmọ ṣe ń fojú iyì wo ara rẹ̀. Ẹ dákun, èló ni wọ́n ń ta kóńgò ìyẹn lọ́jà? Òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, W. W. Cooper àti Abraham Charnes, ló jọ gbé ọ̀nà ìṣirò tó lè wọ̀n ọ́n jáde lọ́dún 1978. Data Envelopment Analysis lorúkọ tó wá mọ́ ọn lórí, DEA ní kúkúrú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é níṣojú ara wa. Àpẹẹrẹ tèmi nìyí, mi ò mú un níbì kankan. Ibùdó ìlera mẹ́ta, ìkọ̀ọ̀kan wọn fún ọmọ 1,000 lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Àkọ́kọ́ lo nọ́ọ̀sì 4 àti jálá bẹntiróò 60, torí ọkọ̀ ni wọ́n fi ń yí abúlé ká. Èkejì lo nọ́ọ̀sì 12 àti jálá 20. Wọ́n pín ara wọn sí àdúgbò, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀kẹta lo nọ́ọ̀sì 10 àti jálá 50.

Ọ̀gá ibùdó kẹta á lẹ́nu ọ̀rọ̀: "Nọ́ọ̀sì mi ò tó ti èkejì, epo mi ò tó ti àkọ́kọ́." Òótọ́ sì ni. Ẹ máa fi wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí i mú.

DEA ò bá a jiyàn. Ohun tó máa sọ ni pé: ọ̀gá, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ mú òṣùwọ̀n tó máa gbè yín jù. Jálá mélòó lẹ fẹ́ ká ka nọ́ọ̀sì kan sí? Tó bá ní 10, àkọ́kọ́ ná 100, èkejì 140, òun 150. Tó bá ní 2, ó di 68, 44 àti 70. Ibi tó ti sàn fún un jù ni 5: àwọn méjì yẹn á jẹ́ 80, 80, òun á jẹ́ 100. Ẹ fi iye tó kéré jù wé tirẹ̀: ìdá 80 nínú 100 ni máàkì tirẹ̀ nìyẹn, kò sì sí bó ṣe lè yí i tó máa lé kọjá bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n tó gbè èèyàn jù yìí ni kọ̀ǹpútà ń fi linear programming, ìyẹn ìṣirò tó ń wá èyí tó dára jù láàárín ààlà tí a fún un, wá fún ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ẹ tún gba ọ̀nà míì wò ó. Kí àkọ́kọ́ ṣe ọmọ 500 bó ṣe máa ń ṣe é, kí èkejì ṣe 500 yòókù. Nọ́ọ̀sì 8 àti jálá 40 ló máa ná wọn. Níbo wá ni nọ́ọ̀sì 2 àti jálá 10 ti ẹ̀kẹta wọlé sí? Ẹ sì wò ó, a ò tíì dárúkọ náírà.

Àmọ́ àwọn tó mọ DEA gan-an náà ń ṣi nǹkan kan sọ. Pé ibùdó àkọ́kọ́ àti èkejì gba máàkì 100 nínú 100 kò ní kí wọ́n má fi nǹkan ṣòfò. Láàárín àwọn mẹ́ta yìí ni kò ti sẹ́ni tó jù wọ́n lọ. Jẹ́ kí ẹ̀kẹrin yọjú, kó fi nọ́ọ̀sì 3 àti jálá 15 ṣe ọmọ 1,000: àkọ́kọ́ já sí 75, èkejì já sí 75, ẹ̀kẹta já sí 30, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn yí ohunkóhun padà. Bákan náà, tí ohun tí à ń wọ̀n bá pọ̀ tí ibùdó ò sì pọ̀, kálukú á ríbi sá sí, gbogbo wọn á fẹ́ẹ̀ gba 100 tán. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé ni pé kí iye ibùdó tó ìlọ́po mẹ́ta iye ohun tí à ń wọ̀n. Nọ́ọ̀sì, epo, ọmọ: mẹ́sàn-án ló yẹ kí n mú. Ẹ forí jì mí.

Ibùdó kẹrin yẹn lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ohun tó bá wà nínú rẹ́jísítà ni ìṣirò yìí máa gbà gbọ́. Tí ẹnì kan bá jókòó lálẹ́ tó fi bírò kan ṣoṣo kọ orúkọ ọmọ 600 tí abẹ́rẹ́ ò kàn, òun ló máa di àwòkọ́ṣe, àwọn tó ṣiṣẹ́ gidi á wá dà bí ọ̀lẹ. Kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ẹ ka ìgò àjẹsára tó ti ṣófo níbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó bá rẹ́jísítà mu.