Kírímù eczema kọ́ ló fún ọmọ yín lápá funfun

Ibi yòówù táwọn èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ eczema, àìsàn awọ tó máa ń yún ọmọ, kì í pẹ́ tẹ́nì kan á fi pariwo pé ẹ má fi sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó wà nínú kírímù tí wọ́n fi ń wò ó, pa ọmọ yín lára o, á bó o, awọ ẹ̀ á fẹ́lẹ́ bíi náílọ́n, á wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹlòmíì á tún ní ọmọ aládùúgbò òun lò ó, ojú ẹ̀ wá di àbàwọ́n funfun-funfun. Bí ìyá tó ti ra èyí tí dọ́kítà kọ ṣe máa jù ú sínú dúróò nìyẹn, tọ́mọ á sì máa họra títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ̀rù yìí kì í ṣe tiwa nìkan o. Lọ́dún 2000, wọ́n bi igba (200) èèyàn tó ní eczema léèrè ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 73 nínú 100 ló ní kírímù yìí ń ba àwọn lẹ́rù, 24 nínú 100 sì jẹ́wọ́ pé àwọn ò lò ó bó ṣe yẹ torí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àpá funfun yẹn, torí òun gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú. Eczema fúnra ẹ̀ ló máa ń fi í sílẹ̀ jù. Lára àwa aláwọ̀ dúdú kì í sábà pọ́n bíi ti òyìnbó, ó lè dúdú tàbí kó ní àwọ̀ eérú, tó bá wá ń san, ojú ibẹ̀ lè funfun tàbí kó dúdú ju ara tó kù lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà míì ọ̀pọ̀ oṣù, kó tó padà bọ̀ sípò. Ọmọ tí wọn ò fi kírímù kankan kàn lára náà ń ní i. Kírímù lé eczema lọ, àpá tó wà lábẹ́ ẹ̀ wá yọjú, wọ́n ní kírímù ló fà á.

Ṣé sítẹ́rọ́ìdì kì í wá bóra ni? Ó ń bó, èyí tó lágbára, tẹ́ ẹ bá ń fi í pa gbogbo ara lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, awọ á tún fẹ́lẹ́, àmì fífà á yọ tí kì í lọ mọ́. Àmọ́ oríṣiríṣi ni agbára wọn. Hydrocortisone 1%, tí wọ́n sábà máa ń kọ fún ojú ọmọdé, wà nísàlẹ̀ pátápátá, láti 1952 ni wọ́n sì ti ń fi hydrocortisone pa awọ ara. Clobetasol ló wà lókè, wọ́n ṣírò agbára ẹ̀ dé ìlọ́po 600 ti hydrocortisone.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: ìyá tó sá fún hydrocortisone yìí náà lá lọ ra "triple action", kírímù tí wọ́n po oríṣi oògùn mẹ́ta pọ̀ sí, ní kẹ́míìsì, tàbí kírímù "organic" tí wọ́n pò lọ́jà sínú ike tí ò lórúkọ, bẹ́ẹ̀ clobetasol tàbí betamethasone, tóun náà lágbára, sábà máa ń wà nínú wọn! Wọ́n á tún fi triple action yẹn pa làpálàpá, ara á dákẹ́ yíyún fúngbà díẹ̀, làpálàpá á máa gbilẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó ò le. Ẹ fún un sórí ìka ìfábẹ̀là àgbàlagbà láti orí ìka dé oríkèé àkọ́kọ́, ìyẹn tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ibi tó ń yọ ọmọ lẹ́nu nìkan, tó bá ti rọlẹ̀ kẹ́ ẹ dá a dúró, òrí tàbí Vaseline lẹ ò gbọ́dọ̀ dá dúró ní tiyín, ẹ fi pa á gbàrà tó bá wẹ̀ tán tí ara ẹ̀ ṣì tutù. Dettol inú omi ìwẹ̀ yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, ńṣe ló ń gbẹ awọ. Èyí tó lágbára ò sì gbọ́dọ̀ dé ìpéǹpéjú tàbí abẹ́ páḿpà láìjẹ́ pé dọ́kítà ló ní kẹ́ ẹ ṣe é.

Àwọn tó ní ara àwọn gbóná janjan lẹ́yìn táwọn dá sítẹ́rọ́ìdì dúró ò parọ́ o, àjọ MHRA tó ń bójú tó oògùn ní Britain kìlọ̀ nípa ẹ̀ lọ́dún 2021, àmọ́ àwọn tó ti ń lo èyí tó lágbára fúngbà pípẹ́ ló sábà máa ń ṣe. Tí eczema bá kàn padà wá lẹ́yìn oṣù kan, àìsàn náà nìyẹn, bó ṣe máa ń lọ tó máa ń bọ̀ nìyẹn.

Ẹ yí tube tó wà nílé padà, ẹ ka orúkọ oògùn tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone, tẹ́nì kankan ò sì kọ ọ́ fún yín, ẹ gbé e lọ bá dọ́kítà, pàápàá tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń fi pa ọmọ.