Ẹni Tó Bá San Gbèsè, Ẹ Kọ Ọ́ Pé Ó Ti San

Tí báńkì bá sọ fún aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, pé orúkọ rẹ̀ kò dáa ní credit bureau, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìyáwó, ohun tí yóò kọ́kọ́ rò ni pé àwọn yẹn ló ní kí wọ́n má yá òun lówó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í yáni lówó, wọn kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí àwọn ayánilówó bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń kó jọ: iye téèyàn yá, ìgbà tó yẹ kó san, àti bó ṣe san án. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń fún oníbàárà, ni wọ́n fi ń dá onítọ̀hún mọ̀. CRC, FirstCentral àti CreditRegistry wà lára àwọn credit bureau tí Báńkì Àpapọ̀ fún níwèé àṣẹ.

A ò bá ètò yìí jà. Ẹni tó jẹ gbèsè ní Pánṣẹ́kẹ́ tó tún sáré lọ yá òmíràn ní Láfẹ́ńwá wà lára àwọn tó ń mú kí èlé wọ́n fún gbogbo wa.

Ti ẹni tó ti san ló ń dùn wá. Obìnrin kan yáwó ra aṣọ funfun, aró àti sódà. Òjò dé, aṣọ kọ̀ kò gbẹ, ọjà kùtà. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó san án tán, tòun tèlé. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ṣì wà láàárín àwọn onígbèsè, nítorí ẹni tó yá a lówó kò fi ìròyìn pé ó ti san ránṣẹ́. (Ìgbà tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sùn, wọn ò gbàgbé o!) Báńkì lé e padà, ló bá forí lé ọ̀dọ̀ sọ̀gúndogójì.

Òfin ọdún 2017 lórí àkọsílẹ̀ ìyáwó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ tiwa, ká sì ta ko àṣìṣe tó bá wà níbẹ̀. Mélòó nínú àwọn ìyálọ́jà Kútọ̀ ló gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí?

Ohun tá a fẹ́ ni pé kí Báńkì Àpapọ̀ máa bu owó ìtanràn lé ayánilówó tó bá gba owó rẹ̀ tán tí kò tún orúkọ oníbàárà ṣe. Kí àwọn báńkì kéékèèké tó wà l'Ábẹ́òkúta náà kọ ọ́ ní Yorùbá sára fọ́ọ̀mù wọn, ibi tí wọ́n ń fi orúkọ èèyàn ránṣẹ́ sí àti bó ṣe lè bèèrè àkọsílẹ̀ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ọ̀hún ti gùn tẹ́lẹ̀, ìlà méjì sí i kò ní pa wọ́n lára.